Ọjọ́ tí Àlejò Wá Wo Ọṣẹ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn nígbà tí Bùkọ́lá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọ yàrá ìyá rẹ̀, tó sì bá a pé ó ti kú.

Kò kọ́kọ́ mọ̀. Màmá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ikùn, ó fi ọwọ́ kan há sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bùkọ́lá gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dìde kí ẹ mu nǹkan gbígbóná. Àwọn èèyàn yìí ò ní pẹ́ dé o." Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnu rẹ̀ ló là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì ṣí díẹ̀, ó ń wo ògiri.

Dorothy Àlàkẹ́ lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo Ìlọrà ń pè é. Ọṣẹ dúdú ló ń pò láti ìgbà tó ti wà ní omidan, lẹ́yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Èèyàn ń wá láti Ọ̀yọ́, láti Àwẹ́, láti Fìdítì, wọ́n ń wá ra ọṣẹ rẹ̀ fún ọmọ tuntun àti fún ara yíyún. Bùkọ́lá ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ìbàdàn ni Bùkọ́lá ń gbé tẹ́lẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó gbé ìyàwó mìíràn wọlé, kí òun náà tó di ẹrù rẹ̀ padà sílé ìyá. Láti ìgbà náà ló ti ń bá Màmá jó eérú, tó ń bá a pọnmi, tó ń bá a dáná. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ibi tí wọ́n ti ń da àdín sínú ìkòkò, Màmá á ní, "Bọ́ sẹ́yìn, o ò mọ̀ ọ́n." Ojú àwọn oníbàárà ló sì ti máa ń sọ ọ́. Bùkọ́lá á bọ́ sẹ́yìn, á dúró bí ọmọ ilé ìwé tó kùnà ìdánwò, òun àgbàlagbà tó ti lé lógójì ọdún.

Ó sáré jáde lọ pe Díákónì Nathaniel, àbúrò Màmá, tí ilé rẹ̀ wà ní ìsọdá ọ̀nà. Hẹdimásítà ni Díákónì kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹbí ló sì ń pè é ní Bàbá Díákónì. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn lọ́rùn. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ibùsùn, ó di ògiri mú.

"Àǹtí mi," ló wí. "Áà, Àǹtí mi."

Ó gbàdúrà kúkúrú kan tí Bùkọ́lá kò gbọ́ yé. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga, ó dorí kodò. Ohun tó sì sọ ni pé, "Mọ́tò yẹn ti kúrò ní Ìbàdàn."

Bùkọ́lá mọ mọ́tò tó ń wí. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn àlejò máa kọ́kọ́ wá. Àwọn kan ní Ìbàdàn ló ń kó èèyàn kiri láti wo ìlú kéékèèké, kí wọ́n wo ibi àtijọ́, kí wọ́n wo oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n jẹ oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Díákónì ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà pé àwọn á ya Ìlọrà lẹ́yìn tí àwọn bá ti wo oko ọsàn àti ilé àwọn tó ń yan gàrí ní Fìdítì. Ilé míṣọ́n àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti wó lápá kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù. Ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba máa wà nínú mọ́tò, ìrètí Díákónì sì ni pé bí ọkùnrin náà bá fojú ara rẹ̀ rí i, wọ́n á bá àwọn tún un ṣe kí ó tó wó tán.

"Bàbá Díákónì, ẹ pè wọ́n kí wọ́n padà," ni Bùkọ́lá wí.

"Kí n ní kí ló dé?"

"Kí ẹ ní òfò ṣẹ̀ wá. Ta ni ò ní gbà?"

"Wọ́n á gbà. Wọ́n á kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọn ò sì ní wá mọ́. Ìlú mìíràn ti wà tó ń bẹ̀ wọ́n." Ó gbójú sókè. Omi wà lójú rẹ̀. "Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ń retí wọn. Ṣé kì í ṣe nítorí wọn ló ṣe dirun lánàá?"

Òótọ́ ni. Irun náà wà lórí òkú, ṣùkú tuntun tó ń dán.

"Ta wá ni yóò po ọṣẹ fún wọn?"

"Ìwọ," ni Díákónì dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn wọ Bùkọ́lá lára lọ́nà tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó kọ̀. Ó lanu láti kọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun kankan sọ, Díákónì sì gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbà. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Bí o bá ti fọwọ́ kàn án, wàá sunkún, bí o bá sì ti sunkún, gbogbo àdúgbò á rọ́ wọlé. Kí wọ́n wá, kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà a ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ fún un." Ó fa aṣọ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé èjìká, ó ta kọ́tìnnì bo fèrèsé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bùkọ́lá bọ́jú, ó wọ bùbá tí Màmá ti lọ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì lọ dáná. Omi eérú ti ń ro sínú ìkòkò láti ọjọ́ mélòó kan. Ó gbé e kaná, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì ta á lẹ́nu bó ṣe yẹ kó ta á. Ìyá Jùwọ́nlọ, ìyá àgbà tó múlé tì wọ́n, yọjú lórí ọgbà.

"Bùkọ́lá, ẹ kú ìmúra o! Ìyá Ọlọ́ṣẹ ńkọ́? Mi ò gbúròó wọn láàárọ̀ yìí."

"Wọ́n ń sinmi, mà," ni Bùkọ́lá wí. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa. Iṣẹ́ ò ní pẹ́ dé."

Oòrùn ti mú kí mọ́tò náà tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀bámi ló ń ṣamọ̀nà wọn, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, fóònù rẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ wo ilé míṣọ́n. Bùkọ́lá ń gbọ́ ohùn Díákónì láti òdìkejì ọ̀nà bó ṣe ń sọ ìtàn àwọn òyìnbó tó kọ́ ọ, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Nígbà tó yá, gbogbo wọn wọ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Omi ọsàn Fìdítì ṣì ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn gbé gàrí sínú ọ̀rá. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tó ń fi igi rìn, Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Wọ́n fún un ní àga lábẹ́ igi máńgòrò.

Díákónì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó ni iṣẹ́ yìí ì bá wá kí yín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò dá ṣáṣá. Ọmọ rẹ̀ rèé. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ."

Bùkọ́lá bọ́ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́. Ó tún un sọ. Ó fi èèpo kòkó tí wọ́n ti sá gbẹ hàn wọ́n, ó ní bí wọ́n ṣe ń jó o di eérú nìyí, pé wọ́n á da omi lé eérú náà nínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, kí ó máa ro díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan bèèrè bóyá òun lè tọ́ omi náà wò. Bùkọ́lá ní, "Ẹ tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ bá ìyàwó yín sọ lónìí tán o, torí ahọ́n yín ò ní lè sọ ọ́ mọ́." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé òun ló sọ ọ́.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ó gbé àdín, ó ń dà á sínú ìkòkò tó ń hó, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó bọ́ sẹ́yìn. Ó ń fi ọmọrogùn gígùn rò ó, òógùn ń ro lágbárí rẹ̀, èéfín ń wọ ojú rẹ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń bi í. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe epo pupa? Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná? Kò sí èyí tí kò mọ ìdáhùn sí. Ọ̀gá láti iléeṣẹ́ ìjọba náà bọ́ kóòtù, ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò pẹ́ rárá tó fi ní ọwọ́ ń ro òun. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ayọ̀bámi ń pariwo, "Màmá Ọlọ́ṣẹ, ẹ wo ibí! Ẹ rẹ́rìn-ín sí wa!" Bùkọ́lá sì wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbàgbé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́. Fún gbogbo àsìkò tí ọṣẹ náà fi ń hó tó fi ń ki, kò rántí pé òkú wà nínú ilé.

Nígbà tí ọṣẹ di, ó bu díẹ̀, ó pe ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí jù láàárín wọn, ó da omi sí i lọ́wọ́. Ìfóòfó funfun yọ láti inú ọṣẹ dúdú náà, ó bo ọwọ́ ọkùnrin náà dé ìgunpá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bùkọ́lá yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó wo ojú fèrèsé Màmá, kí Màmá lè rí i pé òun mọ̀ ọ́n. Kọ́tìnnì ló rí.

Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.  Ó gbé ọmọrogùn kalẹ̀. Ó ń wá Díákónì lójú, ṣùgbọ́n Díákónì ń bá ọ̀gá ìjọba sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Ìgbà náà ló rí i pé àga Mosúnmọ́lá ti ṣófo.

Ìyá àgbà náà ti wọlé lọ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó júwe fún un. Nígbà tó jáde padà, ó ń rọra rìn, ó padà sórí àga rẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi bo itan. Wọ́n gbé ọṣẹ fún un bí wọ́n ṣe gbé e fún àwọn tó kù, ó ní rárá.  Ìgbà tí àwọn yòókù ń wọ mọ́tò ló fi igi rẹ̀ tilẹ̀ wá bá Bùkọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ìyá ta ló wà ní yàrá yẹn?" ló bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìgbà wo ni?"

"Láàárọ̀, mà. Kí ẹ tó dé."

Bùkọ́lá ń retí èébú. Ì bá dùn mọ́ ọn bí obìnrin náà bá bú u. Ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá wò ó lásán, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo egbò. Ó ní, "Ẹ ò tíì di ẹnu wọn, ẹ ò sì tíì na ẹsẹ̀ wọn. Ẹ lọ ṣe é báyìí. Ara wọn ti ń le, mi ò rò pé yóò gbọ́ mọ́." Ó na gèlè rẹ̀ sí i. Bùkọ́lá gbà á.

Mọ́tò náà fẹ́rẹ̀ má tíì kọjá ìta ṣọ́ọ̀ṣì tí Bùkọ́lá fi já wọ yàrá. Ó kúnlẹ̀, ó fi gèlè náà gba abẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀ kọjá, ó fà á. Àgbọ̀n náà kò gbọ́. Ó tún fà á. Ó ti le bí igi. Ọwọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò kúrò níbẹ̀, orúnkún kò kúrò lára ikùn, ara rẹ̀ sì ti tutù. Díákónì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá yẹn ní wọ́n á padà wá. Ó ní wọ́n á wo ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn." Bùkọ́lá kò gbọ́ ìyókù. Ó ti ké, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò kan.

Àwọn obìnrin ìjọ wá. Ìyá Jùwọ́nlọ ló ṣáájú wọn, nítorí òun ló máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin ní àdúgbò náà. Ó gbé aṣọ kúrò lára òkú, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó fọwọ́ kan orúnkún.

"Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Kò tíì pẹ́," ni Díákónì dáhùn. "Ẹ̀yìn tí àwọn àlejò lọ ni."

Ìyá Jùwọ́nlọ kò wo ibi tó wà. "Díákónì, mo ti ń wẹ òkú ní Ìlọrà kí ẹ tó di tíṣà." Ó kọjú sí Bùkọ́lá. "O ní wọ́n ń sinmi."

 

Wọ́n ní kí Bùkọ́lá lọ gbé ọṣẹ wá. Kò sí èyí tó kù nílé ju èyí tó pò lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò ti ra ti tẹ́lẹ̀ tán. Ó bu ú sínú abọ́, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e wá. Ìyá Jùwọ́nlọ wo inú abọ́ náà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà. Ó rán ẹnì kan pé kó lọ ra ọṣẹ funfun wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọṣẹ òyìnbó ni wọ́n fi wẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀, àwọn méjì dì í mú ní ìbàdí, àwọn méjì ń fa ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí Bùkọ́lá jáde. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, tí wọ́n ń sọ pé, "Rọra, rọra. Ẹ dárí jì wá, Ìyá." Wọ́n na ẹsẹ̀ náà níkẹyìn. Ẹnu ni wọn kò rí pa dé.

Màmá ti máa ń sọ pé kí wọ́n má gbé òun lọ sínú yìnyín ní ilé ìgbókùúsí, nítorí náà ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, lẹ́yìn ìsìn. Olúṣèyí, ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá, gba ọ̀nà Àkúrẹ́ dé láàárọ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ìyá òun. Wọ́n ní aṣọ funfun ti bo ojú rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló dé.  Ó ṣí aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó wò ó, ó sì tún un bò.

Nígbà tó jáde sí pálọ̀ tí gbogbo ẹbí jókòó sí, fóònù rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Fọ́tò tí Ayọ̀bámi ti gbé síta lánàá ló wà níbẹ̀. Bùkọ́lá dúró ti ìkòkò nínú bùbá ìyá rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo rí èyí lánàá kí ẹ tó pè mí," ni Olúṣèyí wí. "Inú mi dùn. Mo fi han àwọn ọmọ mi. Bùkọ́lá, nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò yìí, níbo ni Màmá wà?"

"Nínú yàrá."

"Ṣé wọ́n ń mí?"

"Rárá."

Ìyàwó Díákónì ké, "Jésù!" Olúṣèyí kò gbé ohùn sókè. "Ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

Díákónì wo ilẹ̀. Bùkọ́lá rí i bó ṣe ń fi àtàǹpàkò ra etí Bíbélì rẹ̀. Ó lè dárúkọ rẹ̀, òótọ́ sì ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìró àtẹ́wọ́ ọjọ́ tó kọjá ṣì wà létí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí inú òun dùn.

"Èmi ni," ló wí.

Olúṣèyí ki fóònù náà bọ àpò. Wọ́n gbé òkú jáde, wọ́n sin ín. Láti ọjọ́ náà di òní, kò tíì bá Bùkọ́lá sọ̀rọ̀. Bí ó bá wá sí Ìlọrà, ilé àna rẹ̀ ní Àwẹ́ ló máa ń sùn sí.

Àwọn àlejò ń wá. Ọ̀gá yẹn mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, wọ́n ti kan páànù tuntun sórí ilé míṣọ́n. Díákónì ló ń mú àwọn èèyàn wo inú rẹ̀, ó ti rù, ohùn rẹ̀ ti há. Bí wọ́n bá ti parí níbẹ̀, Ayọ̀bámi ló ń kó wọn lọ síbi ọṣẹ. Díákónì kì í bá wọn sọdá ọ̀nà.

Àwọn ará ìlú kò bá Bùkọ́lá jà. Wọ́n ń kí i, ó ń kí wọn, àyè rẹ̀ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọmọ tuntun kan ní Ìlọrà tó tún ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà láti Ọ̀yọ́ náà gbọ́, wọ́n wá ibòmíràn gbà. Ìyá Jùwọ́nlọ mọ ọgbà tó wà láàárín wọn ga sí i. Àwọn tí mọ́tò ń gbé wá nìkan ló ń ra ọṣẹ náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí wọn ò sì ní rí i mọ́. Ó ń pò ó fún wọn, ó ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í wo ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá ní kí ó wo ibi fóònù, á wò ó, ṣùgbọ́n á pa ètè rẹ̀ dé títí wọ́n á fi yà á tán. Lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti lọ, á fọ ìkòkò, á gbá eérú jọ, á jókòó síta títí iná á fi kú pátápátá kó tó wọlé.